Ta Ló Ń Jókòó Sẹ́nu Ilẹ̀kùn Náà?

London,
12 oṣù Karùn-ún, 1996.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìdí máṣínnì. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ka ọjọ́, pé ó ti lé ní oṣù kan tí ẹ ti rí lẹ́tà mi gbẹ̀yìn. Ẹ má bínú. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù náà sì ti ń dínkù. Mo ti bọ́ ọ̀kan nínú súwẹ́tà méjì tí mo máa ń wọ̀ lé ara wọn. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń fi òróró tí mo fi rán ìyàwó Àjàgbé sí yín pa á?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà. Onílé tí èmi àti Dorcas ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fẹ́ tún ilé ṣe. Wọ́n fẹ́ kun ọ̀dà, wọ́n sì fẹ́ tú ilẹ̀ yàrá. Nítorí náà, mo kó ẹrù mi lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan. Ilé ńlá ni, wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá kéékèèké tó tó igba. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò bá gba inú ilé yóò háyà ọ̀kan, yóò kó ẹrù sí i, yóò tì í, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àpótí onírin tí ẹ gbé fún mi, pẹ̀lú aṣọ òkè ìyá yín tó wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ náà ló wà. Ààbò wà níbẹ̀ dáadáa, ẹ má fòyà.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, àdírẹ́sì ilé ìkẹ́rùsí náà ni kí ẹ lò. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé. Wọ́n máa ń bá èèyàn gba lẹ́tà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí tiyín sọnù sáàárín iṣẹ́ ọ̀dà. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Tí ẹ bá lọ sí Ẹdúnàbọ̀n, ẹ bá mi kí ìyá Dorcas.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọláyọ̀.


Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀,
8 oṣù Kẹfà, 1996.

Fọláyọ̀ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé níbi tí o wà. Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, inú mi dùn. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, inú mi kò dùn mọ́. Ẹsẹ̀ mi ń ṣe dáadáa, má fi ẹsẹ̀ mi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Àpótí ìyá mi! Àpótí tí mo ní kí o gbé sábẹ́ ibùsùn rẹ, kí o máa rí i tí o bá fẹ́ kírun, kí o lè rántí ilé tí o ti jáde. Òun lo gbé lọ fún àwọn tí o kò mọ̀ rí? Ṣé gbogbo London kò gba àpótí kan ṣoṣo ni? Ká ní mo mọ̀ pé bí o ṣe máa ṣe é nìyẹn, ǹ bá ti jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi níbí.

Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé tó bá di ọ̀rọ̀ ká bá èèyàn tọ́jú ẹrù, kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní gbogbo Òkèrèwè. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń bá àwọn ọmọ yunifásítì ṣe é. Nísinsìnyí tí àwọn olùkọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé, yàrá ẹ̀yìn ti kún dé àjà. Fóòmù ni, páálí ni, garawa, fáànù, gbogbo rẹ̀. Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lójú ilẹ̀kùn. Mi ò tíì pa àṣà mi dà: ẹni tó bá gbé ẹrù wọlé, n ó fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ kọ orúkọ rẹ̀ sójú ilẹ̀kùn, ọjọ́ tó bá wá kó o, n ó fi àtẹ́lẹwọ́ mi pa á rẹ́. Ní àràárọ̀, tí mo bá kírun àsùbáà tán, n ó dúró síwájú ilẹ̀kùn náà, n ó sì ka orúkọ wọn fún Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ kò tíì débi tó ń lọ. Oyèkúnlé tó fi páálí ìwé mẹ́rin sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí London yẹn, ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi ka orúkọ rẹ̀ kó tó wá kó wọn. Ikán kò fẹnu kan ewé kan níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi sókè lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, dá mi lóhùn, má sì fo ọ̀kankan. Ta ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ògiri yàrá náà kan òrùlé, àbí ó dúró lágbedeméjì bíi ti ilé Lágúnjú, níbi tí olè ti gun orí ògiri yàrá kan bọ́ sí èkejì? Kí lo fi sábẹ́ àpótí tí ọ̀rinrin ò fi ní mú un? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gbé ṣítóòfù tó ní kẹrosíìnì nínú wọlé? Ta ló mọ ohun tó wà nínú ẹrù rẹ? Èyí tó ṣe pàtàkì jù wá ni pé, ta ló ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn náà? Àgádágodo tèmi náà tóbi, ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó ti máṣínnì níwájú rẹ̀ ni olè máa ń rí tó fi ń yà lọ.

Mò ń retí èsì. Ọ̀dà wo gan-an ni wọ́n ń fi oṣù kan kùn?

Ìyá rẹ,
Khàdíjàh.


London,
30 oṣù Kẹfà, 1996.

Ìyá mi,

Ẹ kú ìbínú o. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí. Ìbáwí yín tọ́ sí mi, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn gbogbo ìbéèrè yín kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Kò sí kọ́kọ́rọ́ kejì. Èmi ni mo ra àgádágodo, ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà, àwọn tó ni ilé pàápàá kò ní òmíràn. Ní ti ògiri, páànù ni wọ́n fi ṣe é, kò sì kan òrùlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi wáyà bo orí yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo gun orí àpótí, mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, kò tilẹ̀ mì. Sìmẹ́ǹtì gbígbẹ ni ilẹ̀ rẹ̀. Mo fi pákó méjì sábẹ́ àpótí, mo sì tẹ́ fóòmù mi síwájú rẹ̀ kí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé má baà fẹ́ sí i. Wọn ò gba kẹrosíìnì rárá. Agogo pupa kan wà lókè tó máa ń han tó bá ti gbọ́ òórùn èéfín. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ẹrù mi ò ju èmi, ẹ̀yin àti Ọlọ́run lọ.

Ó wá ku ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Bàbá àgbà kan ni, ará Jàmáíkà, ẹnu géètì ló ń jókòó sí. Kámẹ́rà wà ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan ló sì ti ń wò wá. Ó máa ń rìn yíká ilé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ àti agogo méjì ọ̀sán. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń dùn ún bíi tiyín, ńṣe ló ń wọ́ ọ nílẹ̀, kó tó dé ni èèyàn ti máa ń gbọ́ ọ. Tí kò bá sẹ́ni tó ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná ibẹ̀ máa ń kú fúnra rẹ̀, á dún kẹ́ kó tó kú. Ìyá òyìnbó kan ló ni yàrá tó tẹ̀lé tèmi. Àga ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló kó síbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń wá, á jókòó sórí ọ̀kan, á sì máa bá èkejì sọ̀rọ̀. Ó máa ń ròyìn ohun tó sè jẹ ní Sọ́ńdè fún un.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ibo ni olè fẹ́ gbà wọ ibẹ̀? Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ àpótí. Iṣẹ́ ilé wa kò tíì tán o, àwọn akunlé ibí falẹ̀ ju ti Ifẹ̀ lọ.

Ọmọ yín,
Fọláyọ̀.


Òkèrèwè,
27 oṣù Keje, 1996.

Fọláyọ̀ mi,

Ẹ̀ẹ̀rùn kékeré ti dé síbí, mo sì ti sá gbogbo fóòmù àwọn ọmọ sí oòrùn, kò sí èyí tó rùn. Mo gba èsì rẹ. Mo sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, bí mo ṣe máa ń yẹ yàrá wò kí n tó jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gbé ẹrù sí i. Wáyà orí yàrá, ó dáa. Pákó abẹ́ àpótí, mo yìn ọ́, ọmọ mi ni ọ́. Agogo èéfín, èmi náà ì bá fẹ́ ní irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí kò ní èkejì ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bàbá Jàmáíkà yẹn ńkọ́? Mi ò tíì mọ̀. Ẹni tó ń wo èèyàn nínú tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé ó ń rí wọn, àbí ó kàn ń wò?

Mo lọ sí Ẹdúnàbọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ ra iṣu, mo sì yà kí ìyá Dorcas. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní ọkọ Dorcas ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti oṣù Kẹrin, Dorcas sì ti lóyún. Ó ní yàrá wọn kò tóbi ṣùgbọ́n ó gba àwọn méjèèjì. Mo dúró kó mẹ́nu ba ọ̀dà. Kò mẹ́nu bà á. Èmi náà ò bi í.

Jẹ́ kí n sọ ti Ẹniolúwa fún ọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kó ẹrù síbí ni, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń kọ́ nípa òfin. Nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ mọ́tò lọ sílé, òun kò lọ. Á wá lónìí, á ní òun fẹ́ mú ṣíbí. Á wá lọ́la, á ní ìwé ni. Á wọlé lọ báyìí, n ó rán síkẹ́ẹ̀tì méjì tán kó tó jáde. Lọ́jọ́ kan ni mo sọ fún un pé mo fẹ́ dẹ pàkúté sí eku kan nínú yàrá náà. Ló bá ní, "Màmá, ẹ má wulẹ̀ dẹ ẹ́ láàárọ̀ o, eku yẹn kì í jáde kó tó di agogo mẹ́rin." Mo fi máṣínnì sílẹ̀. Ẹni tó mọ àkókò tí eku ń jáde kò wá mú ṣíbí. Àṣé ẹ̀yìn páálí ló máa ń sùn sí látàárọ̀. Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, kò sì sí àyè fún un nílé mọ́. Ilé ọ̀rẹ́ kan sí òmíràn ló ń sùn kiri, ojú sì ń tì í láti sọ. Yàrá rẹ ló wà báyìí, orí ibùsùn rẹ ló ń sùn. Má bínú sí mi.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní lónìí. Tí òjò bá ń rọ̀, báwo ló ṣe máa ń dún nínú ilé ìkẹ́rùsí yẹn? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òrùlé rẹ̀ ń jò.

Ìyá rẹ.


London,
20 oṣù Kẹjọ, 1996.

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Òjò rọ̀ lánàá ni mo rántí ìbéèrè yín, mo sì tètè mú bírò.

Òrùlé náà kò jò. Páànù ni. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dún bíi ti ilé wa gẹ́lẹ́, bí ìgbà tí mo wà ní kékeré tí ẹ máa ń pa máṣínnì tì, tí ẹ ó wá fẹ̀yìn lélẹ̀ tì mí. Ibi ẹsẹ̀ mi ló ti máa ń kọ́kọ́ dún, á rọra máa bọ̀ títí á fi dé ibi orí. Tí mo bá ti di ojú, mi ò mọ̀ pé mo wà ní London mọ́.

Inú mi dùn pé ẹ fún Ẹniolúwa ní ibùsùn mi. Ẹ má jẹ́ kó lọ. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lónìí, ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Fọláyọ̀.


Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀,
14 oṣù Kẹsàn-án, 1996.

Fọláyọ̀,

Ò ń sùn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá òyìnbó ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti kọ́kọ́ fu mí lára, nítorí ẹni tó kàn gbé ẹrù pamọ́ kì í mọ ohun tí ẹlòmíràn sè jẹ ní Sọ́ńdè. Mo ní ó lè jẹ́ pé ẹ pàdé ara yín lẹ́ẹ̀kan. Mo ń tan ara mi jẹ ni. Ṣùgbọ́n òjò tó kọ́kọ́ dún níbi ẹsẹ̀ kó tó dé ibi orí, ẹni tó dúró kò lè mọ ìyẹn, ọmọ mi. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ẹniolúwa wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí mo ń ka lẹ́tà náà. Ó wo ojú mi, ó sì dìde lọ gbé omi wá fún mi.

Mo ti yẹ ilé yẹn wò fún ẹrù, mo sì ní ó dáa. Mo tún un yẹ̀ wò fún ọmọ mi, kò dáa rárá. Ìta ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Tí ẹnìkan bá kọjá, tó rí i pé kò sí àgádágodo lójú rẹ̀, tó wá fi tirẹ̀ tì í ńkọ́? O sì ní kò sí kọ́kọ́rọ́ kejì. Agogo pupa tó ń han, ṣé ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé tó sùn fọnfọn yóò gbọ́ ọ? Wáyà tí o fi ọwọ́ méjèèjì fà tí kò mì, ibẹ̀ náà kọ́ lo máa gbà jáde tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Gbogbo ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ nípa àpótí ìyá mi ló ń já mi láyà nípa rẹ.

Mo bínú sí ọ nítorí àpótí. Jọ̀wọ́, foríjì mí. Kí àpótí dípẹtà, kí ikán jẹ aṣọ òkè inú rẹ̀. Ìwọ ni mo fi ránṣẹ́ sí London, kì í ṣe àpótí. Mi ò bínú sí ọ nítorí irọ́ ọ̀dà náà, mo mọ̀ pé nítorí mi lo ṣe pa á. Ṣùgbọ́n kó mọ bẹ́ẹ̀.

Mo ti kọ orúkọ rẹ sójú ilẹ̀kùn. Òkè pátápátá ni mo kọ ọ́ sí, kí aṣọ ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì nù ún. Ẹniolúwa ló gbé àga tí mo gùn. Orúkọ rẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà láàárọ̀ báyìí. Kọ̀wé sí mi kíákíá, kí o sì sọ òtítọ́ fún mi.

Ìyá rẹ,
Khàdíjàh.


Òkèrèwè,
12 oṣù Kẹwàá, 1996.

Fọláyọ̀ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé, mi ò gbúròó rẹ. Mo ti bẹ ilé ìfìwéránṣẹ́ wò títí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń pe orúkọ mi kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn olùkọ́ ti fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ sì ti ń wá kó ẹrù wọn. Orúkọ ń dínkù lójú ilẹ̀kùn. Tìrẹ ni mo ń wò.

Lánàá, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi tẹlifóònù pe òkè òkun ní Lágere. Bébà tí Oyèkúnlé kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣínnì mi. Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló gbé e. Mi ò tilẹ̀ mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni ìyá tó bá ọkọ rẹ tọ́jú ìwé ní Ifẹ̀." Ló bá pariwo, ó ní, "Màmá wa!" Mo fún un ní àdírẹ́sì rẹ, mo sì bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ kan. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi ní òun ti gbọ́.

Má wulẹ̀ dá mi lóhùn nípa ilẹ̀kùn tàbí àgádágodo mọ́. Ìwọ ni mò ń bèèrè.

Ìyá rẹ.


London,
27 oṣù Kẹwàá, 1996.

Ìyá mi, ìyáà mi,

Ẹ foríjì mí. Lẹ́tà yín ti oṣù Kẹsàn-án dé. Mo kà á lórí fóòmù náà, mo pa á dé, mo sì fi í sábẹ́ orí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo mú bírò tí mo tún jù ú sílẹ̀. Ojú ló ń tì mí.

Òtítọ́ lẹ kọ. Nígbà tí ọkọ Dorcas dé, yàrá kan ṣoṣo ló wà. Dorcas ò lé mi o, ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ ohun tó yàtọ̀. Èmi ni mo ní mo ti rí ilé, mi ò sì tíì rí i. Iṣẹ́ mi ò yàtọ̀, ọ́fíìsì ni mò ń nù, alẹ́ ni wọ́n sì ń nù ún. Tí mo bá ṣe tán láàárọ̀, n ó wọlé lọ bí ẹni tó fẹ́ to ẹrù, n ó fa ilẹ̀kùn náà wálẹ̀, n ó sì sùn. Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni mò ń gba ibùsùn nílé àwọn arìnrìn-àjò. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò jẹ́. Mo tún rántí bí ẹ ṣe máa ń fi mí yangàn fún gbogbo ará Òkèrèwè, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo sùn, mo gbọ́ tí bàbá Jàmáíkà ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀. Mo rò pé á kọjá bó ṣe máa ń ṣe. Kò kọjá. Ó kan ilẹ̀kùn. Láti oṣù Karùn-ún, kò kàn án rí. Mo ní ó ti parí, wọ́n fẹ́ lé mi. Kò ṣí i, ó dúró níta, ó ní, "Ọmọbìnrin, obìnrin kan ti jókòó sẹ́nu géètì mi láti agogo mẹ́sàn-án. Àga tirẹ̀ ló gbé wá. Mo sọ fún un pé kò lè wọlé, ó ní òun ò fẹ́ wọlé, òun ń ṣọ́ ẹrù ni. Mo ní ẹrù ta ni? Ó ní ẹrù ìyá kan ní Ilé-Ifẹ̀."

Mo jáde pẹ̀lú oorun lójú. Agogo méjì ti kọjá. Fọlákẹ́ ló jókòó sórí àpótí ìdáná kékeré kan, ó we gèlè lé káàdígàn, agbòjò bàbá náà sì wà lórí rẹ̀ nítorí òjò ń ta tótó. Nọ́ọ̀sì ni, ibi iṣẹ́ alẹ́ lòun náà ti wá tààrà. Ó wò mí, kò dìde. Ó ní, "Màmá ní kí n má pariwo, kí n má sì bi ọ́ ní nǹkan kan. Wọ́n ní kí n kàn jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn títí ìwọ fúnra rẹ á fi jáde." Ìyáà mi, mo sunkún lójú títì, mi ò lè purọ́. Mo kúnlẹ̀, mo gbórí lé e lẹ́sẹ̀, òun náà sì ń sunkún.

Nígbà tí a ń kó ẹrù, mo bẹ bàbá náà kó má bínú. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ kejì lòun ti mọ̀. Ó ní, "Mò ń rí ọ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹrù wo ló ń gba odindi ọjọ́ kan láti tò, lójoojúmọ́?" Òfin ni pé kó lé mi, kò sì lé mi. Ìgbà tó wá rìn lọ láti mú kẹ̀kẹ́ ẹrù wá ni mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dùn ún rárá, ńṣe ló ń rìn ṣáṣá. Mo bi í. Ó ní òun kàn máa ń wọ́ ọ nílẹ̀ tóun bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni, kí n lè gbọ́ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Ẹ bi mí nígbà kan bóyá ó ń rí èèyàn tàbí ó kàn ń wò. Ó ń rí wọn, ìyáà mi.

Ilé Oyèkúnlé ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n fún mi ní yàrá tó ní fèrèsé. Páálí ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, okùn yín ṣì wà lára ọ̀kan. Àpótí ìyá yín wà lábẹ́ ibùsùn mi. Mo rí i nígbà tí mo fẹ́ kírun láàárọ̀ yìí.

Ọmọ yín tó ti délé,
Fọláyọ̀.


Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀,
20 oṣù Kọkànlá, 1996.

Fọláyọ̀ Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ọlọ́run tóbi. Ẹniolúwa ló bá mi ka ìdajì lẹ́tà rẹ, omi ò jẹ́ kí ojú mi ríran mọ́ nígbà tí mo dé ibi agbòjò. Bá mi kúnlẹ̀ kí Fọlákẹ́. Ọmọ tèmi lòun náà láti òní lọ. Sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kò jẹ mí ní ọpẹ́ kankan mọ́, èmi ni mo jẹ ẹ́.

Mo ti rán ṣòkòtò kan fún bàbá Jàmáíkà. Àjàgbé ń bọ̀ níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, yóò mú un wá. Mi ò mọ ìwọ̀n rẹ̀, mo wá fẹ ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí ẹni tó ń jókòó ṣọ́ni ni. Ní kó má wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ mọ́, kó má baà gé etí ṣòkòtò náà. Tí o bá rí ìyá òyìnbó ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bá mi kí i kú ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀.

Ẹniolúwa ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ padà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀dọ̀ mi lòun yóò ti máa lọ. Inú mi dùn. Ọjọ́ tí o bá ń bọ̀ wálé, ẹ ó jọ gba orí ibùsùn náà.

Gbogbo àwọn ọmọ ti wá kó ẹrù wọn. Yàrá ẹ̀yìn ṣófo, mo ti gbá a. Orúkọ tìrẹ nìkan ló kù lójú ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lónìí, mo gun àga, mo tún kà á fún Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ mi pa á rẹ́. Mi ò tíì fọ ọwọ́ náà. Tí o bá rí ohun funfun lára ìwé yìí, ṣọ́ọ̀kì orúkọ rẹ ni.

Ìyá rẹ,
Khàdíjàh.